Ẹja Pọ̀ Nínú Adágún, Ńlá Ò Sí Níbẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Adágún tí àwọn èèyàn máa ń wá fi ìwọ̀ ṣeré létí rẹ̀ ni à ń bójú tó. Epìyà ló kún inú rẹ̀, àrọ̀ díẹ̀ sì wà pẹ̀lú. Láti bí ọdún mélòó kan, epìyà tí ìwọ̀ ń gbé kì í ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. A pàṣẹ pé kí wọ́n máa dá èyí tó bá kéré padà sómi kó lè dàgbà, a sì fi kún oúnjẹ wọn, síbẹ̀ ńṣe ni wọ́n tún ń kéré sí i. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Àṣẹ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò, torí àwọn tí ẹ ń dá padà kì í ṣe ọmọdé. Ẹ la inú ogún nínú wọn wò. Bí èyí tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ bá lẹ́yin nínú, tàbí tí ẹ bá ọmọ lẹ́nu ìyá tó kéré bẹ́ẹ̀ (ẹnu ni ìyá epìyà máa ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ sí), àgbà ni. Orí rẹ̀ á tóbi ju ara lọ, ojú á yọ, ẹ̀yìn á tẹ́ẹ́rẹ́. Epìyà tí oúnjẹ ò kárí kì í dúró kó tóbi kó tó bímọ. Agbára tó yẹ kó fi dàgbà, ẹyin ló ń fi í ṣe. Oúnjẹ tí ẹ ń fi kún un, ọmọ ló ń dà, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù á jẹrà nísàlẹ̀, á máa gba ọ́síjìn inú omi.

Ńṣe ni kí ẹ kó wọn kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ iye wọn. Ẹ mú 300, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé ṣóńṣó lẹ́bẹ́ kan náà lára gbogbo wọn, kí ẹ dá wọn padà káàkiri adágún, kì í ṣe sójú kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún mú 400. Bí 12 nínú wọn bá ní àmì, ẹ fi 300 ṣe ìsọdipúpọ̀ 400, kí ẹ fi 12 pín in: 10,000 ni wọ́n. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wọn gíráàmù 20, kìlógíráàmù 200 nìyẹn. Ó kéré tán, kí ìdajì kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ bá ń bù ú díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan, ọmọ tuntun á ti dípò èyí tí ẹ kó.

Àwọ̀n fífà tí ojú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 ni kí ẹ lò. Kó gùn tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìbú ibi tí ẹ fẹ́ fà, kí gíga rẹ̀ náà tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ jíjìn omi. Ẹ yọ igi àti gbòǹgbò kúrò ná. Ibi tí okùn òjé, ìyẹn okùn ìsàlẹ̀ àwọ̀n tí òjé wà lára rẹ̀, bá ti gbéra nílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹja á gbà lọ. Ẹ má gbọn àwọ̀n nínú omi rárá: ìyá epìyà tí ìnira bá dé bá á tu ọmọ ẹnu rẹ̀ jáde, àwọn ọmọ á sì gba ojú àwọ̀n padà. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti tú u. Apá kan ṣoṣo ni kí ẹ fà lóòjọ́, torí ẹrẹ̀ tó rú máa ń gba ọ́síjìn. Bí ẹja bá ń la ẹnu lójú omi ní ìdájí, ẹ má fà á lọ́jọ́ náà.

Àrọ̀ àti epìyà tó ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ ni kí ẹ dá padà kíákíá. Òfin kan náà ni kí àwọn tó ń fi ìwọ̀ ṣeré tẹ̀ lé: kí wọ́n kó kékeré lọ, kí wọ́n fi ńlá sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Kò ní rọrùn fún wọn, torí ńlá ni wọ́n wá wá, ṣùgbọ́n dandan ni.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ká kúkú da ọmọ àrọ̀ sí i kó máa jẹ wọ́n?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ọmọ àrọ̀ á wulẹ̀ bá epìyà du oúnjẹ ni. Èyí tó ti ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ ni kí ẹ dà sí i, lẹ́yìn tí àwọ̀n bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí iye epìyà bá ṣì pọ̀, bó ti wù kó jẹ tó, ìbí wọn á borí rẹ̀. Irú tó ti wà nínú omi yín tẹ́lẹ̀, tí òfin sì gbà, ni kó jẹ́. Ẹja àjèjì tó bá bá omi òjò jáde lọ sódò kò ṣeé kó padà mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi májèlé lọ̀ yín, torí májèlé kì í mọ epìyà yàtọ̀ sí àrọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń ṣiṣẹ́?

ÌDÁHÙN: Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọn gígùn àti ìwúwo ẹja 50, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, pẹ̀lú àwọ̀n kan náà, níbì kan náà. Ìwúwo ló máa kọ́kọ́ yí padà: ẹja tó gùn bákan náà á wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ìwúwo yẹn bá tún ń lọ sílẹ̀, ẹ padà gbé àwọ̀n.