Èékánná, àtàǹpàkò àti ìka tó ń tètè kúrò: ìbéèrè lórí títa lúùtù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún méjìlá ni mo fi ta gìtá kíláásíkà kí n tó ra lúùtù, ohun èlò olókùn ayé àtijọ́ tó jọ gìtá, lọ́dún tó kọjá. “Forlorn Hope Fancy”, orin lúùtù tí John Dowland, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ, ni mo ń bá jà. Bí mo bá rọra ta á, ó ń dùn, ṣùgbọ́n tí mo bá ti dé ibi eré, níbi tí orin ti ń yára, gbogbo rẹ̀ á já sí wẹ́wẹ́, okùn á sì máa ró ṣàkàṣàkà. Ṣé ọwọ́ mi ló lọ́ra ni?

Ìdáhùn: Ó jọ pé ọwọ́ yín kò lọ́ra rárá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ṣàkàṣàkà yẹn kúrò nílẹ̀. Ẹ wo èékánná ọwọ́ ọ̀tún yín. Òun lẹ fi ń ta gìtá, àbí? Lórí lúùtù, méjì-méjì ni okùn ń tò, àfi èyí tó tín-ín-rín jù tó sábà máa ń dá wà, wọ́n sì rọ̀ ju ti gìtá lọ. Bí èékánná bá kọ́ ọ̀kan, èkejì lè má dún, tàbí kí àwọn méjèèjì forí gbárí. Ẹran orí ìka ló lè tẹ méjèèjì pọ̀ kó tó fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gé e. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wo sísọ́ọ̀sì kí n tó gé tèmi.

Níbi eré, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni kó máa gbà á fún ara wọn: àtàǹpàkò a ta ohùn tó wúwo, ìka a ta èyí tó fúyẹ́, ọmọńdinrín a sì fara ti ojú pákó. Àwọn àgbà lúùtù ò fẹnu kò lórí ibi tí àtàǹpàkò yóò gbà. Nínú ìwé tí Robert, ọmọ Dowland, tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1610, Besard, ọ̀kan lára àwọn àgbà lúùtù náà, ní ká na àtàǹpàkò síta, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ bá kúrú lè gbà á sábẹ́ àwọn ìka yòókù. Kò ní lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tèmi kúrú. Mo ti fi ẹwà sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ọwọ́ òsì ni mo fura sí jù. Ẹ wo ìwé orin tó wà níwájú yín: ìlà mẹ́fà, lẹ́tà lórí wọn, a fún okùn tí a kò tẹ̀, b fún fret (àmì tó dábùú ọrùn lúùtù) kìíní, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì tó wà lókè ń sọ ìgbà tí ẹ ó ta ohùn tó kàn. Kò sọ ìgbà tí èyí tí ẹ ti ta gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń tan gbogbo wa. Ohùn mẹ́fà tó ń sọ̀kalẹ̀ ní ìdajì-ìdajì ni gbòǹgbò orin yìí, ó sì ń ṣí láti apá kan nínú orin bọ́ sí apá mìíràn, bí ẹni pé ó ń ti ẹnu ẹnì kan bọ́ sí ẹnu ẹlòmíì. Bí ìka yín bá sá kúrò lórí ohùn kẹta kó lè tètè débi eré, ẹni tó ń gbọ́ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń sọ̀kalẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ìyá ìlù dákẹ́ lójijì, tí omele nìkan ń ta kìtìkìtì.

Torí náà, ẹ mú ibì kan péré tí ohùn mẹ́fà náà ti wà nínú orin. Ẹ ta ohùn mẹ́fà yẹn nìkan, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìka tí ẹ máa lò nígbà tí orin bá pé. Kí ìka kọ̀ọ̀kan jókòó síbẹ̀ títí iṣẹ́ mìíràn yóò fi pè é. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi eré lé e, ní ohùn mẹ́rin mẹ́rin. Bí ìka òrùka bá kọ̀, ẹ má fipá mú un: ìwé sọ fret, kò sọ ìka, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọrùn ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹ gbé lúùtù kalẹ̀.

Bí lúùtù kò bá sí nítòsí, ẹ rọ okùn kẹta gìtá yín láti G sí F♯, kí ẹ fi capo (ohun tí a fi ń tẹ gbogbo okùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) sí fret kẹta. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á dún bíi ti lúùtù, ọwọ́ òsì á sì rí iṣẹ́ ṣe. Ẹ má kàn torí ìyẹn dá èékánná sí o.