Sí àbúrò tó ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù n'Íléṣà

Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí o kọ lánàá. O ní wọ́n ti mú ọ ní yunifásítì n'Ífẹ̀, pé láti ọjọ́ tí onílé ti kó ẹrù ìyá yín síta, inú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Atákúnmọ́sà lo ń sùn, àti pé ẹ̀gbọ́n yín ní kí o gbàgbé ìwé, kí o lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. O wá bèèrè bóyá ẹni tí kò nílé lè kàwé jáde. Ó ṣeé ṣe. Èmi náà ṣe é, àmọ́ mo fi ọdún kan ṣòfò, ìyẹn sì ni ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú ẹ.

Owó ilé ìwé kọ́ ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Àwọn owó wẹ́wẹ́ tó ń ṣáájú rẹ̀ ni: owó acceptance tí èèyàn fi ń gba ààyè tí wọ́n fún un, káàdì tí wọ́n fi ń wo èsì WAEC, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ láti káńsù, àyẹ̀wò ara, fọtokọ́pì lórí fọtokọ́pì. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí wọ́n mú mi, owó acceptance mi ku díẹ̀ kó pé nígbà tí gbèdéke dé. Ojú ń tì mí, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ààyè náà bọ́, mo tún JAMB ṣe. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́, ó ní, "Torí owó yìí náà lo ṣe ń sunkún ní kọ̀rọ̀? Ṣé a ò ní dá a láàárín ara wa ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀yin tiẹ̀ ní ẹ̀yáwó ìjọba báyìí, NELFUND, tí kò sí nígbà tèmi. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó wà nílẹ̀ yìí. Kò lélé, kò sì gba onígbọ̀wọ́. Owó ilé ìwé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé ìwé, ₦20,000 lóṣù fún àtijẹ sì ń bọ́ sí àpò tìẹ ní báńkì. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà. Ṣùgbọ́n má fi ṣe owó tí wàá fi jẹun lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ o. Owó ìjọba kì í mọ̀ pé ebi ń pa èèyàn. Orúkọ ẹ ní JAMB, NIN àti BVN gbọ́dọ̀ bára mu. Bí kò bá bára mu, Iléṣà ni kí o ti lọ tún un ṣe kí o tó gbéra.

Ibi ìsùn ló le jù. Mi ò rí bẹ́ẹ̀dì nínú họ́ọ̀lù ní sáà àkọ́kọ́, ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kàwé mọ́jú ni mo ń sùn. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ kì í gbà kí èèyàn sùn. Ìdí tọ́ọ̀ṣì ló fi ń kan tábìlì, kó, kó, kó. Bí mo ṣe kọ́ béèyàn ṣe ń sùn tòun ti bírò lọ́wọ́ nìyẹn, orí á tẹ̀ sórí ìwé bíi tẹni tó ń ronú. Aago mẹ́rin ìdájí, mo ti wà ní balùwẹ̀ họ́ọ̀lù kí àwọn tó ni ín tó jí. Àpótí mi wà lọ́dọ̀ ìyá onírẹsì kan ní Lágere n'Ífẹ̀ tí mo ń bá fọ abọ́ nírọ̀lẹ́. Bí abọ́ bá tán, oúnjẹ dé. Kíláàsì aago mẹ́jọ wá di ibi tí mo ti ń sùn gan-an. Èsì sáà náà kò ṣeé fi han ìyá ẹni.

Ní sáà kejì, ọmọ kíláàsì mi kan bi mí pé ibo ni mò ń gbé. Mo ní Mayfair. Ó ní ibo ní Mayfair? Ẹnu mi wọhò. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló tẹ́ fóòmù fún mi láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, mo di squatter, ẹni tó ń sùn ní yàrá oníyàrá. Mò ń pọn omi, mò ń bá a fọṣọ, kò sì sẹ́ni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì jí mi mọ́.

Nítorí náà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ọ́, ọmọ òṣómàáló. Bí àwọn bàbá yín ṣe ń lóṣòó gba gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni kí ìwọ náà lóṣòó tọrọ ìrànlọ́wọ́: lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé girama tí o ti jáde, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìjẹ̀ṣà tí o bá dé Ifẹ̀. Èmi pa tèmi mọ́ra, o ti rí ibi tó já sí.

Ọjọ́ wo ni gbèdéke owó acceptance ẹ? Èló lo ní lọ́wọ́? Kọ méjèèjì síbí lónìí, má jẹ́ kó di ọ̀la.