Ta Ló Ní Ọ̀kan Náà Ni Sọ àti Wí?

Ọmọbìnrin kan tó ń múra ìdánwò àṣekágbá níbí ní Iléṣà ló bi mí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni 'say' ní Yorùbá gan-an? Wọ́n ní ká tú 'Say what you saw'. Mo kọ sọ, ọ̀rẹ́ mi kọ wí, olùkọ́ wa sì fún àwa méjèèjì ní máàkì kan náà. Mo tún gbọ́ lórí rédíò pé kò sí ìyàtọ̀."

Èmi náà gbọ́ ètò rédíò ọ̀hún. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ sọ pé Òyìnbó ló ní 'say', 'tell', 'speak' àti 'talk', pé tiwa kò ju sọ lọ, ìyókù kàn ń tẹ̀ lé e ni. Inú bí mi débi pé mo pa rédíò náà kí ètò tó parí. Ẹni yẹn kò fetí sí ẹnu ara rẹ̀ rí. Bí ọ̀kan náà bá ni wọ́n, èé ṣe tí a fi ń bá ọmọ wí, tí a kì í bá ọmọ "sọ"? Èé ṣe tí ẹni tó dúró níwájú àgbà fi ń wíjọ́? Èé ṣe tó fi jẹ́ pé àwáwí ni ti ẹni tó ń wá ọ̀nà àtibọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú sọ. A ń sọ ọ̀rọ̀, a sì ń sọ òkò. Ohùn kan náà ni méjèèjì. Àwọn kan á ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, pé ọ̀rọ̀ méjì tó jọra lásán ni. Èmi kò gbà, n kò sì ní í gbà. A ń sọ bọ́ọ̀lù sókè, a ń sọ nǹkan mọ́lẹ̀, nǹkan sì ń sọ nù. Ohunkóhun tí a bá sọ, ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ṣe ń kúrò lẹ́nu. Ṣebí Yorùbá ló ń sọ òkò ọ̀rọ̀ lu ara wọn? Ẹ tún wo "ó bá mi sọ̀rọ̀" àti "ó sọ̀rọ̀ sí mi". Ti àkọ́kọ́, àlàáfíà ni. Ti ìkejì, ìjà ni, bí ẹni sọ òkò sí ilé onílé. Àwọn tó pa á lówe pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, wọ́n mọ̀ pé ẹyin kì í fò. Ẹnì kan ló sọ ọ́.

Ìyá bàbá mi, tó ń ta obì ní ọjà Atákúnmọ́sà, ló là mí lójú sí èyí. N kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Mo sáré wọlé lọ́jọ́ kan, mo ké pé ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló jí ẹran inú ìkòkò. Ìyá kò dìde. Wọ́n ní, "O ti sọ ọ́. Ó yá, jókòó, kí o wí i." Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n fi sọ ọ́, mo kàn ń tú u fún yín ni. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀: ibi tí mo wà, ẹni tó kọjá, ohun tó mú dání. Nígbà tí mo dé ìdajì, ẹnu mi wọlẹ̀, torí mo rí i pé n kò rí ọmọ náà nídìí ìkòkò. Àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣeré ló ní òun ni. Ìyá ní, "O ò wí nǹkan kan. Wọ́n ní wọ́n pé lo gbé wá bá mi."

Mo ti kọ́ ọmọ ní Yorùbá ju ogójì ọdún lọ, n kò tíì rí àlàyé tó borí ìyẹn. Ẹni tó bá sọ lè máa lọ. Ẹni tó bá wí gbọ́dọ̀ dúró ti ohun tó wí títí wọn ó fi dá a lóhùn. Ní ti àwọn tó tú Bíbélì sí Yorùbá, tí gbogbo rẹ̀ parí ní 1884, nígbà tí wọ́n dé ibi ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́, "Ọlọ́run sì wí pé" ni wọ́n kọ. Ẹ sì wo Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà wa tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri nígbà kan rí: "Òṣó ni màá ló gbowó mi." Gbólóhùn yẹn ló di orúkọ wọn. Wọn kò sọ ọ́ kí wọ́n gba ọ̀nà ilé lọ. Wọ́n wí i, wọ́n sì lóṣòó tì í títí owó fi dé.

Ní ti ọ̀rọ̀ náà "ní", ẹnu ẹlòmíràn la fi ń yá ọ̀rọ̀: "Ó ní kí n wá." Òun ló mú kí àwa máa sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé "He said I should come", níbi tí Òyìnbó yóò ti lo 'tell'. Fọ̀ jẹ́ ti ohùn àti èdè. Ìlù pàápàá ń fọhùn.

'Tell' tí wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ wa yẹn, kíkà ni ìtumọ̀ rẹ̀ látijọ́ lẹ́nu Òyìnbó fúnra wọn, ení, èjì, ẹ̀ta. Ibẹ̀ ni 'teller', ẹni tó ń kawó ní báńkì, ti wá, kí àwa tó gbé orúkọ náà fún pépà tí a fi ń sanwó. Àwọn náà ní ìtàn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn, wọn kò sì jẹ́ kó sọ nù. Àwa ńkọ́? Òyìnbó á ní kí o 'say' àmín, kí o 'say' ó dàbọ̀, kí o 'say' o ṣé. Àwa ń ṣe àmín, a ń dágbére, a ń dúpẹ́, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, ẹnì kan sì jókòó sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ó ń pè wá ní aláìní. Lónìí, ní àárín Iléṣà, ìlú Ọ̀bọkún yìí, "mo ti tell ẹ" ni mò ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ tí ìyá rẹ̀ àgbà ṣì wà láàyè, tó ṣì lè kọ́ ọ. Ó máa ń dùn mí wọnú egungun.

Ọmọ mi, ẹni tí wọ́n bá bi léèrè ohun tó rí, ẹlẹ́rìí ni. "Wí ohun tí o rí" ni kí o kọ. Ọ̀rẹ́ rẹ ló gba máàkì.