"Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé": ṣé àmúyá kò ta ko òwe yìí?

Ìbéèrè kan wọlé láti Àdátàn, níbí ní Abẹ́òkúta: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn àgbà máa ń sọ pé ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Àmọ́ mo gbọ́ pé àwọn baba wa kan náà ló ń ṣe àmúyá, tí wọ́n ń mú ẹni tí kò jẹ gbèsè. Ṣé òwe yẹn ní ìtumọ̀ mìíràn ni?"

Ẹ ṣeun. Òwe náà kò ní ìtumọ̀ mìíràn. Ìka márùn-ún ló wà lọ́wọ́, ọmọ ìyá sì ni wọ́n. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá ṣẹ̀, ọba kò gbọ́dọ̀ gé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí pé òun lọ́bẹ tètè bà. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ "ṣẹ̀" yẹn dáadáa. Àwọn àgbà kò ní "ìka tí wọ́n fura sí", wọn kò ní "ìka tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn". Báwo la ó sì ṣe mọ̀ pé ó ṣẹ̀ bí a kò bá gbọ́ tẹnu rẹ̀? Ìdí nìyẹn tí òwe yìí fi máa ń bá èkejì rẹ̀ rìn: agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ọba ló sì ń gé e. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó kọ́ ló ń gé e.

Òótọ́ ni pé àmúyá wà. Àwọn mìíràn ń pè é ní èmú. Oníṣòwò á ta ọjà àwìn fún ará ìlú mìíràn, onígbèsè á gba ìlú rẹ̀ lọ, kò ní san. Olówó kò lè wọ ìlú onílùú lọ fà á jáde, kò sì sí ilé ẹjọ́ kan tí àṣẹ rẹ̀ dé ìlú méjèèjì. Olówó á lọ dúró lójú ọ̀nà ọjà. Ará ìlú onígbèsè tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, òun ni yóò mú, tòun tẹrù rẹ̀. Ohun tó ń retí ni pé kí ẹbí ẹni tó mú lọ gbá onígbèsè lọ́rùn mú títí yóò fi sanwó.

Ẹ má ṣe kà á mọ́ ìwọ̀fà o. Àdéhùn ni ti ìwọ̀fà, olówó àti ẹni tó yáwó ti jọ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lọ sìn. Ó tún yàtọ̀ sí ológò, ẹni tí olówó ń rán lọ dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa pa adìyẹ ilé jẹ, títí ojú yóò fi ti onílé. Ọ̀ràn ológò le, àmọ́ ilé ẹni tó jẹ gbèsè gan-an ló ń lọ.

Lójú tèmi, òwe yẹn àti àmúyá kò ta ko ara wọn bí ẹ ṣe rò. Òwe náà ni ìjánu tí wọ́n fi ń fà á sẹ́yìn. Bí kò bá sí ẹni tó ń gé ìka tí kò ṣẹ̀, ta ni yóò jókòó pa irú òwe bẹ́ẹ̀? Àmúyá kan lè dá ìjà ìlú sí ìlú sílẹ̀, àwọn àgbà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a ṣì ń ṣe é. Aláró ni ìyá mi, ní Ìtòkú. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àbúrò mi gbowó lọ́wọ́ ẹnì kan láti bá a ra pákó, kò ra pákó, kò sì gbé fóònù mọ́. Ọlọ́pàá méjì bá ìyá mi nídìí ìkòkò aró. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ máa bá wa kálọ. Bí ọmọ yín bá ti dé, ẹ ó máa lọ sílé." Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ti fi wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn káńtà. Aró ṣì wà lọ́wọ́ wọn dé ọrùn ọwọ́, ọwọ́ yẹn sì ni gbogbo ẹni tó wọlé kọ́kọ́ ń wò. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Nígbà tí mo béèrè ẹ̀ṣẹ̀ wọn, òwe ni ọ̀gá ibẹ̀ pa fún mi: ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àìsùn ni òwe yẹn sọ. Kò sọ àtìmọ́lé.

Òfin náà kò sì gbè é. Nínú ẹjọ́ ACB (ilé ìfowópamọ́ kan) àti Okonkwo, tó jáde nínú ìwé àkójọ ẹjọ́ ti 1997, Adájọ́ Niki Tobi ti Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn sọ pé òun kò mọ òfin kankan tó gba ọlọ́pàá láyè láti mú ìyá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn kì í kúrò lọ́rùn ẹni tó dá a bọ́ sọ́rùn ẹlòmíràn. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, wá kọ ọ́ sílẹ̀ kedere ní abala 7 pé a kì í mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Abala 8 fi kún un pé gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán kò tó láti mú èèyàn sí. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá sì mú lọ́nà tó tọ́ pàápàá ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìdí rẹ̀. Abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí wọ́n kọ ọ́ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Bó bá jẹ́ Yorùbá nìkan ló gbọ́, Yorùbá ni kí wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ti jogún púpọ̀ nínú òfin wa ti bá ọ̀rọ̀ yìí fà á gan-an. Oníṣòwò kan ní Liverpool, Leachinsky, ni wọ́n mú lọ́dún 1942 nítorí ẹrù aṣọ kan (ẹ̀yin ará Ìtòkú, ẹ gbọ́ o), wọn kò sì sọ ojúlówó ìdí fún un. Ó di 1947 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ tó dá a láre.

Abala 35 yẹn kan náà ní bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ 1 péré ni wọ́n ní láti fi gbé èèyàn dé iwájú adájọ́. Láti Ìtòkú, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn dé kóòtù Ìsàbọ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú láìtọ́ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-máà-bínú, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Ìyá mi kò gba ìkankan nínú méjèèjì. Ọlọ́pàá ní kí wọ́n máa lọ nígbà tílẹ̀ ń ṣú, ìyá mi kò sì gbà kí a pẹjọ́. Aṣọ mẹ́fà tí wọ́n rì bọ aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀ ti gbẹ sórí okùn, àwọ̀ rẹ̀ ràn-án-ràn. Ẹni tó ni iṣẹ́ náà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wò ó, ó ní òun kò gbà á.