Ìbéèrè Yín: Àṣẹ Nótárì Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì ní Texas

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ìlú Houston ni mò ń gbé, mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ nótárì láti ọdún mélòó kan. Àwọn ará ìjọ wa máa ń bi mí bóyá mo lè lu òǹtẹ̀ sí ìwé fún àwọn òbí wọn tó wà ní Nàìjíríà, kí a ṣe é lórí fídíò. Mo gbọ́ pé àṣẹ mìíràn wà fún irú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè gbà á, ṣé ó sì máa jẹ́ kí n lè ràn wọ́n lọ́wọ́? Ìyá Ìbejì, Houston.

ÈSÌ: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Àṣẹ náà wà lóòótọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2018 ni Texas ti fàyè gba nótárì láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé ẹni tí kò sí níwájú rẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá ń rí ara wọn, tí wọ́n sì ń gbọ́ ohùn ara wọn lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti jẹ́ nótárì, bíi tiyín, ló lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìpínlẹ̀, lórí ìkànnì wọn, 50 dọ́là sì ni owó rẹ̀. Ẹ ó nílò òǹtẹ̀ tí a ṣe fún ìwé orí kọ̀ǹpútà, àti ohun tí wọ́n ń pè ní digital certificate, èyí tó ń so ìbuwọ́lùwé yín mọ́ ìwé náà tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà lẹ́yìn náà. Ìjọba kì í tà wọ́n. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ni ẹ ó ti rà wọ́n.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ọjọ́ tí àṣẹ tí ẹ ní báyìí máa parí. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń yan nótárì, ṣùgbọ́n àṣẹ ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní ọdún mẹ́rin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọjọ́ kan náà ni méjèèjì ń parí. Bó bá jẹ́ pé oṣù díẹ̀ ló kù fún yín, ní tèmi, ẹ kọ́kọ́ tún ti àkọ́kọ́ gbà ná.

Apá kejì ìbéèrè yín ló le. Òfin kò kọ̀ kí ẹni tó ń buwọ́ lùwé wà ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin. Ẹ̀yin nótárì ló gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ Texas lásìkò náà, nítorí náà bí ẹ bá wálé lóṣù Kejìlá, ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìdánimọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń há. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti yẹ páásípọ́ọ̀tù onítọ̀hún wò, yóò tún dáhùn ìbéèrè, ó kéré tán márùn-ún, láàárín ìṣẹ́jú méjì, kí ó sì gba ó kéré tán 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú àkọsílẹ̀ àdírẹ́sì, ilé àti gbèsè tí èèyàn ní ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti sábà ń fa ìbéèrè wọ̀nyí yọ. Bàbá tí kò gbé Amẹ́ríkà rí lè jẹ́ olóòótọ́ pátápátá, síbẹ̀ kí ẹ̀rọ náà má rí nǹkan kan bi í. Òfin gbà kí nótárì jẹ́rìí fún ẹni tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀, láìlo ìdánwò yìí, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ ìjọ tí ẹ kò rí rí kì í ṣe ẹni tí ẹ mọ̀, bó ti wù kí ọmọ náà bẹ̀ yín tó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́rìí sí ìwé àṣẹ aṣojú tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni wọ́n yàn ní aṣojú.

Àwọn ará ilé tún lè máa bi yín léèrè òfin, nítorí pé agbẹjọ́rò ni nótárì ní Nàìjíríà, Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè sì ni ó ń yàn án. Ní Texas, nótárì tí kì í ṣe agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ gbani nímọ̀ràn lórí òfin rárá. Bó bá sì jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọn yóò ti lo ìwé náà, kí wọ́n bi ọ́fíìsì tó fẹ́ gbà á bóyá yóò gba òǹtẹ̀ Texas kí ẹnikẹ́ni tó náwó.

Ẹ lè gba tó 25 dọ́là lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí owó nótárì tí ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọdún márùn-ún, ó kéré tán, ni ẹ gbọ́dọ̀ fi pa fídíò iṣẹ́ náà mọ́. Kí ẹ tó bá ilé-iṣẹ́ kankan ṣe àdéhùn, ẹ bi wọ́n bí ẹ ó ṣe gba fídíò yín bí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ wọn.