Kì í ṣe tíì ló kù, oúnjẹ ni: ìdáhùn fún ìyá aláṣọ Òkè-Àjẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 41 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Òkè-Àjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde. Kílò 92 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, gíga mi jẹ́ mítà 1.60. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ife gaàrí kan láago méjì ọ̀sán, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, ṣúgà oníhóró mẹ́rin, tó bá dalẹ́ màá mu slimming tea, tíì tí wọ́n ní ó ń mú èèyàn fọn. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kílò 5 lọ, inú mi dùn gan-an, àmọ́ láti ìgbà yẹn òṣùwọ̀n ò mira mọ́. Irun mi ń já, òòyì sì ń kọ́ mi tí mo bá dìde. Ojúde Ọba ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kílò 20 ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ kí n tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ wa. Ṣé kí n yọ ẹ̀pà yẹn kúrò ni, àbí kí n máa mu tíì náà láàárọ̀ lálẹ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má yọ ẹ̀pà, ẹ má sì fi kún tíì. Ẹ̀pà yẹn gan-an lohun kan ṣoṣo tó ní láárí nínú gbogbo nǹkan tí ẹ tò kalẹ̀ yìí, òun lẹ wá fẹ́ yọ.

Ẹ má bínú tí ohùn mi bá le díẹ̀. Lọ́dọọdún tí Iléyá bá ti ń súnmọ́ báyìí ni irú ìbéèrè yìí máa ń ya wọlé, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti mú aṣọ, télọ̀ ti wọn ara, gbogbo èèyàn wá rántí pé àwọn níkùn. Àwọn tó ń ta tíì náà mọ àsìkò yẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ká tó lọ jìnnà, dayẹtíṣàn ni mí o, èmi kì í ṣe dókítà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo kọ́, mi ò sì tíì fojú kàn yín, torí náà ẹ fi èyí ṣe ìmọ̀ràn, kì í ṣe ìwòsàn.

Ohun tó wà lọ́kàn yín ni pé òṣùwọ̀n ò mira torí pé ẹ ṣì ń jẹun jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà bí ẹ ṣe máa ń ṣírò owó aṣọ. Kálórì tí gbogbo ayé ń pariwo yìí, ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara ni, bí a ṣe ń fi lítà wọn bẹntiróòlù. Ara obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 41, kílò 92, tó ga tó yín, bó bá tiẹ̀ sùn sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ tí kò gbé ìka, yóò ná bíi kálórì 1,550 kí ọkàn lè máa lù, kí èémí máa jáde kó máa wọlé, kí ọpọlọ máa ronú oníbàárà tó jẹ gbèsè. Ẹ wá fi ìdìde-jókòó inú ṣọ́ọ̀bù kún un, bọ́ńdù aṣọ tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ ń gbé padà, ó máa tó bíi 2,170 lóòjọ́.

Ó dáa. Kílò kan ọ̀rá ara, kálórì bíi 7,700 ló wà nínú ẹ̀. Kílò 5 yín yẹn, tó bá jẹ́ ọ̀rá ni, á jẹ́ 38,500. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14, kí ẹ tiẹ̀ má fi nǹkan kan sẹ́nu rárá, kó jẹ́ omi nìkan, gbogbo ohun tí ara yín lè ná kò ju 30,400 lọ. Ẹ̀yin sì ń mu gaàrí lójoojúmọ́. Ṣé ẹ rí i pé kò lè jẹ́ ọ̀rá ló lọ? Omi ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà díẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kan ṣúgà yẹn sì máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra, tí oúnjẹ bá ti dín lójijì ara á jẹ ṣúgà yẹn tán, omi á bá a jáde. Ẹ fi ìgbẹ́ tí tíì ń lé jáde kún un, ẹ fi díẹ̀ nínú iṣan yín náà kún un, òun ni kílò 5 yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi yá ní ọ̀sẹ̀ méjì tó sì dúró gbọnin.

Nítorí yín, lánàá mo gbé òṣùwọ̀n ìdáná mi jáde, mo bu gaàrí Ìjẹ̀bú kíkan ife tíì kan, mo gbọn etí ife náà títí orí ẹ̀ fi tẹ́jú, ó wọn gíráàmù 150. Ìyẹn jẹ́ bíi kálórì 530. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, bíi 170. Ṣúgà hóró mẹ́rin, bíi 70. Gbogbo ẹ̀ 770. Àwọn dókítà kan máa ń fi aláìsàn sí oúnjẹ tí kò tó 800 lóòótọ́, àmọ́ lójú wọn ni, wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọ́n á máa fún un ní fítámì, kì í ṣe gaàrí nínú ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó wá dùn mí jù ni purotéènì, ohun tí ara fi ń kọ́ ara, tí ẹyin, ẹja, ẹran àti ẹ̀wà ń fún wa. Nínú gbogbo oúnjẹ yín, kò ju gíráàmù 10 lọ, ẹ̀pà yẹn ló sì mú èyí tó pọ̀ jù wá, gaàrí ò ní i. Ẹni bíi tiyín tó fẹ́ fọn yẹ kó máa rí bíi 70. Tí ara ò bá rí i lórí tábìlì, iṣan yín ló máa tú jẹ. Irun náà sì máa ń gba ibẹ̀ lọ, irun tó ń já lónìí, oúnjẹ tí ẹ ò jẹ ní oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn ló ń já a, torí náà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lọ́la, ó ṣì máa já díẹ̀ sí i kó tó dáwọ́ dúró, ẹ má pariwo lé mi lórí.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ara yín ti “ti ilẹ̀kùn”, pé kò jó ọ̀rá mọ́. Ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀, ta ló ti rí ẹni tí ebi ń pa tó ń sanra? Ara máa ń dín ìnáwó kù díẹ̀ tí ebi bá ń pa á, òótọ́ ni, ẹni tó bá rẹ̀ máa ń jókòó jù, kò ní dìde lọ mú aṣọ fúnra ẹ̀, á rán ọmọ iṣẹ́. Àmọ́ ẹ ò kọ Sátidé sínú ìbéèrè yín. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni yín, aláṣọ ni yín, oníbàárà tó ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ yín kò ní ṣàì pè yín sóde. Ẹni tó fi ebi pa ara ẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, tó bá wá jókòó síwájú ìrẹsì, àmàlà, ẹran díndín, ìgò máàtì méjì, ṣé ẹ rò pé ọwọ́ ẹ̀ á mọ níwọ̀n? Kálórì 4,000 kì í ṣe nǹkan kan fún un. Tó bá ṣe é ní Sátidé, tó tún ṣe é ní Sọ́ńdè, ìdajì ohun tó fi ebi kó jọ látọjọ́ Mọ́ńdè ti lọ. Ìyókù, omi tí ara tún há mọ́ra ló ń bò ó mọ́lẹ̀ lórí òṣùwọ̀n.

Kì í ṣe pé ẹ ò ní ìkóra-ẹni-níjàánu o. Bí ebi ṣe ń ṣe èèyàn nìyẹn. Lọ́dún 1944 sí 1945, wọ́n kó ọkùnrin 36 jọ ní yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, àwọn géńdé tára wọn le, wọ́n ń fún wọn ní bíi kálórì 1,570 lóòjọ́ fún bíi oṣù mẹ́fà kí wọ́n lè mọ ohun tí ebi ń ṣe. Otútù ń mú wọn, irun wọn ń re, inú ń bí wọn sí kékeré sí ńlá, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò tí wọ́n sì ń lá lálàá. Òótọ́ ni pé àwọn yẹn ò sanra tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń rìn gan-an, torí náà tiyín kò rí bákan náà gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìlọ́po méjì ohun tí ẹ̀yin ń jẹ ni wọ́n ń jẹ.

Ó wá ku tíì, èyí tó ti sú mi. Ẹ yí páálí ẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn ẹ máa rí senna tàbí cassia, orúkọ mìíràn tí wọ́n máa ń pè é. Oògùn ìgbẹ́ ni senna, ẹni tí ìgbẹ́ há fún ló wà fún, fún ọjọ́ díẹ̀ péré. Ìfun ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìfun kékeré sì ni ara ti ń fa kálórì inú oúnjẹ mu, kí oúnjẹ tó dé ìfun ńlá, ara ti gba tiẹ̀. Nígbà tí tíì yẹn bá fi máa lé yín dìde lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ní ìdájí, gaàrí ọ̀sán ti wọlé ó ti tilẹ̀kùn. Omi lẹ ń yà dànù, pẹ̀lú iyọ̀ ara, pàápàá potassium tí ọkàn fi ń lù déédéé. Mi ò rí yín o, àmọ́ ọ̀rọ̀ òòyì yẹn, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wò.

Àwọn kan sì burú ju senna lọ. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ sibutramine tí wọ́n fi ń pa ebi tẹ́lẹ̀, wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lọ́dún 2010 torí ewu àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń bá a nínú tíì àti kápúsù tí wọ́n kọ ewé àti egbò nìkan sára ẹ̀. Ìyá kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní tíì tòun dáa jù, ebi ò pa òun rárá, àyà òun kàn ń lù kìkì ṣáá. Mo ní ẹ jẹ́ n rí i. Ó ṣí báàgì, ó yọ ọ́, ọ̀rá nínú ọ̀rá, bí ẹni tó tọ́jú owó èésú. Lẹ́tà Ṣáínà ló kún ara ẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀dọ̀ dókítà ni mo darí ẹ̀ sí lójú ẹsẹ̀, páálí yẹn sì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi dòní. Tí àyà tiyín náà bá ti ń já pà, tàbí òòyì bá gbé yín ṣubú, ẹ má dúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni, ẹ lọ sí ọsibítù.

Kí lẹ máa wá jẹ? Ẹ yọ 500 kúrò nínú 2,170 yẹn, ó ku bíi 1,670. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan ò lè sọ fún ọmọ Ìjẹ̀bú pé kó má mu gaàrí, kí gaàrí wá sí ìdajì ife, kí ẹ̀pà wà níbẹ̀, kí ẹja yíyan tó tóbi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ṣúgà hóró kan tó. Kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ẹ jẹ móínmóín méjì pẹ̀lú ẹ̀kọ, tàbí ẹyin bíbọ̀ méjì pẹ̀lú búrẹ́dì díẹ̀, ẹni tó jẹun àárọ̀ kì í gbé ebi burúkú dé ibi òde. Lálẹ́, ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ, ẹran tàbí ẹja tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀bà tó tó ìkúùkù, ìkúùkù tiyín o, kì í ṣe ti bàbá àwọn ọmọ yín. Ẹ sì lè jẹ ìkọ́kọrẹ́. Wọ́n ti dẹ́rù bà yín pé ó ń mú èèyàn sanra, ewùrà ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀, epo ni kẹ́ ẹ mú. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo pupa jẹ́ bíi kálórì 120, ẹni tó bá sì ń da epo látinú kẹ́ẹ̀gì tààrà á da ṣíbí mẹ́fà kó tó ṣẹ́jú, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo oúnjẹ yín òòjọ́ báyìí. Ṣíbí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ tí ẹ̀ ń kà á, bó ṣe rí fún èbìrìpò náà nìyẹn, ọbẹ̀ tí ẹ fi ń jẹ ẹ́ ni kí ẹ wò.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, òṣùwọ̀n máa gòkè, kílò kan, méjì. Omi tó jáde ló ń padà wálé. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń fò sókè tí wọ́n á sáré padà sídìí tíì, ẹ jọ̀ọ́ àbúrò mi.

Gbogbo èyí kì í ṣe ti aboyún tàbí abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń lo oògùn tó ń dín ṣúgà kù bíi glibenclamide tàbí insulin, kó má dédé dín oúnjẹ kù láìsọ fún dókítà ẹ̀, ṣúgà lè já lára ẹ̀ kó dákú. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n wo ìfúnpá, potassium àti tírọ́ọ̀dù (ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń ná agbára), ní State Hospital tó wà ládùúgbò yín tàbí Teaching Hospital Ṣàgámù.

Kílò 20 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ló bójú mu, yíyára jù bẹ́ẹ̀ lọ lè dá òkúta sínú àpò òróòro. Pẹ̀lú 500 tí ẹ ń yọ lóòjọ́ yẹn, tó bá lọ dáadáa, bíi mẹ́rin ló máa lọ kó tó di Ojúde Ọba. Ẹ pe télọ̀ lónìí, ẹ ní kó má gé aṣọ yẹn kù, kó wọn ara yín bó ṣe wà, kó fi ìwọ̀nba sílẹ̀ nínú fún ìdínkù. Ọjọ́ tí ẹ bá sì máa wá rí mi, ẹ má wulẹ̀ kó àkójọ oúnjẹ kankan wá, ife tí ẹ fi ń bu gaàrí yẹn ni kí ẹ mú dání.