Kéèkì fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wá wo fíìmù

Ẹ̀yin òbí wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbà mí. Ọmọ mẹ́wàá ń bọ̀ wá bá tèmi wo fíìmù lálẹ́ Sátidé. Bí mo ṣe ń ṣe kéèkì nílé náà ni mo ń ṣe é níbí. Á wú dáadáa nínú oven, kó tó tutù, àárín rẹ̀ á ti rì. Ṣé kí n kúkú ra ti ṣọ́ọ̀bù?
Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ má ra ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yẹ àpò fùláwà yín wò. Bí wọ́n bá kọ self-raising sí i lára, baking powder ti wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá tún bu ṣíbí méjì sí i bí a ti ń ṣe nílé, kéèkì á sáré wú kí inú rẹ̀ tó jinná, kò ní í rí ohun tó máa gbé e ró, ló bá rì. Ẹ wo fáànù oven náà: ibi tí ìwé bá ti ní 180, 160 ni kí ẹ lò tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ má sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé.

Páànù tó gùn ní sẹ̀ntímítà 30, tó fẹ̀ ní 23, á fún yín ní ègé 24. Bọ́tà gíráàmù 225, ṣúgà 225, fùláwà self-raising 225, ẹyin ńlá mẹ́rin, mílíìkì ṣíbí méjì, nutmeg díẹ̀. Ẹ gbé bọ́tà àti ẹyin kúrò nínú fíríìjì ní wákàtí méjì ṣáájú. Ẹ po bọ́tà àti ṣúgà títí á fi funfun, tí ẹ kò ní í gbọ́ ìró ṣúgà lábẹ́ ṣíbí mọ́. Ẹ fi ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá fẹ́ ya, ṣíbí fùláwà kan á so ó pọ̀. Tí fùláwà bá ti wọlé tán, ẹ rọra rò ó. Àròjù ló ń mú kéèkì le. Ìṣẹ́jú 35 sí 40, ẹ ki ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àárín rẹ̀. Tí kò bá sí nǹkan lára ọ̀bẹ, ó ti jinná. Ẹ fi icing sílẹ̀, inú òkùnkùn ni wọ́n á ti jẹ ẹ́.

Ẹ̀pà ló jẹ mí lógún jù. Ọmọ kan wá wo fíìmù nílé wa, ara rẹ̀ ò gba ẹ̀pà. Kò sí ẹ̀pà nínú kéèkì náà, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Gúgúrú àti ẹ̀pà ló wà nínú abọ́ kejì, fún àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ àwọn ọmọ ń ti inú abọ́ kan bọ́ sínú ìkejì. Ìgbà tí ẹnì kan tanná la tó rí i pé ètè ọmọ náà ti wú, ó sì ń họ ọrùn. Abẹ́rẹ́ adrenaline tó wà nínú báàgì rẹ̀ la fi gbà á là. Mo ṣì máa ń rò ó: ká ní fíìmù náà parí kí wọ́n tó tanná ńkọ́?

Ó pẹ́ kí n tó tún gba ọmọ ẹlòmíràn lálejò. Wọ́n ní mò ń ṣàṣejù. Ẹni tó bá rí ohun tí mo rí náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ló jìyà rẹ̀: ilé tó ń kún fún ọmọ aládùúgbò, tí gbogbo wọn jókòó sórí ẹní níwájú tẹlifíṣọ̀n kan, wọn ò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí òbí kọ̀ọ̀kan lónìí, kí ẹ bi wọ́n ohun tí ọmọ wọn kì í jẹ. Nílé a kì í bi àlejò bẹ́ẹ̀. Níbí, ẹ bi í. Kí ẹ̀pà àti kúlíkúlí má jáde rárá lálẹ́ ọjọ́ náà. Tíréè tí ẹ fi ń yan ẹ̀pà, ẹ má fi ṣe kéèkì. Ẹ jẹ́ kí iná kékeré kan máa tàn. Bí ọmọ kan bá ní abẹ́rẹ́, kí ìyá rẹ̀ fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn yín kó tó lọ: ẹ̀gbẹ́ itan níta ni wọ́n ń gún un sí. Tí èémí ọmọ bá ń há, ẹ gún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ pe 999, ẹ sọ pé anaphylaxis ni, ìyẹn ni kí ara kọ oúnjẹ débi tó lè gba ẹ̀mí, ẹ má sì jẹ́ kó dìde rìn.

Bí òbí kan bá ní ọmọ òun kì í jẹ ẹyin, ẹ kọ̀wé sí mi kó tó di Sátidé. Ìwọ̀n tìyẹn yàtọ̀.